Àgbá Tó Wà Lẹ́yìn Àwọn Ṣẹ́ẹ̀tì Funfun

Ọjọ́ kọkànlá nìyẹn tí ẹ̀rọ omi àdúgbò ti ń mí fìn-ín fìn-ín, tí kò sì pọ ẹ̀kán omi kan jáde. Ilé tí Alágbàfọ̀ ń gbé, yàrá mẹ́fà ló dojú kọ ara wọn níbẹ̀, àgbàlá wà láàárín, àgbá omi kan ṣoṣo tí gbogbo ilé jọ ń mu sì wà láàárín àgbàlá. Alágbàfọ̀ ló ń ṣọ́ àgbá náà. Mósè ni wọ́n ń pè é.

Orúkọ náà kò ṣàdédé wá. Ní ọjọ́ kejì tí omi dá, baba yìí gbé Bíbélì jáde sí àgbàlá, ó ní kí ẹnikẹ́ni má kùn. Ó ní àwọn ọmọ Ísírẹ́lì rin aginjù fún ogójì ọdún, Ọlọ́run sì ń fi mánà bọ́ wọn lójoojúmọ́: ẹni tó ṣà púpọ̀, tirẹ̀ ò ṣẹ́ kù, ẹni tó ṣà díẹ̀, tirẹ̀ ò dín. Ó wá ṣòfin. Páìpù kan lu lẹ́bàá títì, ó máa ń jò díẹ̀díẹ̀ ní ìdájí, tí oòrùn bá ti yọ, á dáwọ́ dúró. Kí yàrá kọ̀ọ̀kan máa rán ẹnì kan lọ gbe omi ibẹ̀, kí wọ́n dà á pọ̀ sínú àgbá kan, kí òun máa fi abọ́ kan náà pín in láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá fi omi pamọ́ sí yàrá, kò ní ìpín. Gbogbo ilé ṣe àmín. Òfin náà dùn mọ́ òun fúnra rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi kọ ọ́ sára páálí, tó fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri.

Ohun tí kò kọ sára páálí ni àgbá kejì.

Àgbá kejì wà nínú yàrá rẹ̀, lẹ́yìn okùn tó ń kọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sí, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì ìlọṣọ bò ó. Alẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ló pọn ọ́n kún. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, sítáàṣì ló wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè o, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni Mósè ń dáhùn nínú ọkàn rẹ̀. Ìdáhùn kìíní: òun ti pọn omi náà kí òfin tó dé. Ìdáhùn kejì: alágbàfọ̀ tí kò lómi, kí ló tún ń jẹ́? Èyí tó fẹ́ràn jù ni ẹ̀kẹta. Ọ̀gá iléeṣẹ́ omi fúnra rẹ̀ ló ní ṣẹ́ẹ̀tì funfun mẹ́fà tó wà lọ́wọ́ òun. Bí ṣẹ́ẹ̀tì bá mọ́, tí sítáàṣì rẹ̀ le, bóyá ọ̀gá á rántí àdúgbò wọn. Bẹ́ẹ̀ ni Mósè ṣe ń fi omi pamọ́ fún ẹni tó fi omi pamọ́, tó sì ń pe ìyẹn ní ọgbọ́n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kọkànlá yìí, Bíríkìlà ló kọ́kọ́ ti ojú títì dé. Korobá tó gbé lọ ló gbé bọ̀, gbígbẹ.

“Wọ́n ti dí i,” ó ní.

“Wọ́n dí kí ni?” Mósè bi í.

“Páìpù. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ omi wá lánàá, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí ibi tó ń jò. Wọ́n ní omi ń ṣòfò.”

Ìyá Àgbà tó ń gbé yàrá ìkángun bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ ò sì léyín nínú. “Wọ́n mà kúkú mọ̀nà ilé wa,” ó ní. “Ọjọ́ kọkànlá tá a ti ń ránṣẹ́ sí wọn pé kò sómi, wọn ò rọ́nà wá. Omi jò díẹ̀, wọ́n sáré dé.”

Mósè wo inú àgbá. Ohun tó ṣẹ́ kù láti àná kò ju ìbú ọwọ́ lọ. Ó pín in ní abọ́ ààbọ̀ ààbọ̀, ó sì ń fi ohùn ìwàásù sọ fún wọn pé kí wọ́n má fòyà, ẹni tó la òkun pupa kò tíì kú. Ó pín in tán kó tó ṣàkíyèsí pé ẹnì kan ò wá síwájú àgbá. Ọmọ Bíríkìlà, ọmọdébìnrin ọdún mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní Oníkọ́ọ̀bù, máa ń gbé kọ́ọ̀bù pupa wá láràárọ̀ pé kí wọ́n bu ti òun lọ́tọ̀, Mósè á sì dá a lóhùn pé, “Ìpín kan, yàrá kan.” Lónìí, èjìká ìyá rẹ̀ ló sùn lé.

“Kí ló ṣe é?” Mósè bi ìyá ọmọ.

“Inú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ̀gbọ́n. Láti ìdájí ló ti ń ṣe ìgbẹ́ gbuuru. Màá gbé e lọ sílé ìwòsàn báyìí.”

Bíríkìlà kò tíì kúrò níbi àgbá. “Ẹ̀gbọ́n Mósè, ẹ má bínú o,” ó ní. “Sìmẹ́ǹtì mi ti di òkúta nínú àpò, torí kò sómi tí màá fi pò ó. Aránṣọ yìí ò lè fọ aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ni ṣẹ́ẹ̀tì yín ṣì ń funfun. Níbo lẹ ti ń rí omi?”

“Nínú ìpín tèmi náà ni,” Mósè dá a lóhùn. “Ọlọ́run ló ń bù sí i.”

Nínú yàrá, ìyàwó rẹ̀ wúkọ́.

Nígbà tí Mósè wọlé, búrẹ́dì gbígbẹ ló bá lórí tábìlì. Ẹ̀wà wà nílé, ṣùgbọ́n ẹ̀wà a máa mu omi ju ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lọ. Ìyàwó rẹ̀ ò jókòó.

“Ọlọ́run ló ń bù sí i, àbí?” obìnrin náà ní.

“Rẹ ohùn sílẹ̀.”

“Ohùn tèmi ò ga, baálé mi. Ẹ̀yin lẹ wàásù títí ohùn yín fi há.”

“Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù,” Mósè ní.

“Ilẹ̀ ta ló tutù? Ọjọ́ kẹrin rèé tí mo ti wẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ̀yin náà ò wẹ̀, ẹ ò mu àmutẹ́rùn, ẹ jókòó ti àgbá omi bí ẹni ń ṣọ́ òkú. Ẹ da omi síwájú, ilẹ̀ gbígbẹ la jọ ń tẹ̀.”

Mósè fa áyọ́ọ̀nù eléèédú sún mọ́ra, ó fẹ́ iná sí i, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn alágbàfọ̀ àtijọ́ ò ní ìgò tí ń fọ́n omi. Ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹnu náà sì ni Mósè ń lò. Á gba omi sẹ́nu láti inú ife kékeré, á fọ́n ọn sára ṣẹ́ẹ̀tì bí ìrì, á wá fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ lé e. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ látàná. Ẹnu rẹ̀ kún fún omi, ọ̀fun rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́, kò gbé e mì. Lórí ṣẹ́ẹ̀tì kẹrin ó ṣèèṣì gbé e mì, ojú tì í, ó sì wẹ̀yìn wò bóyá ìyàwó òun rí i. Ó rí i.

“Ẹ kú oríire,” ìyàwó rẹ̀ ní.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí ìyá Oníkọ́ọ̀bù dé láti ilé ìwòsàn. Ó mú àpò oògùn ìyẹ̀fun kékeré kan lọ́wọ́. Àwọn obìnrin pé lé e lórí.

“Wọ́n ní ara rẹ̀ ń gbẹ,” ó ní. “Wọ́n ní kí n se omi mímọ́, kí n fi èyí sí i, kí n máa fún un mu díẹ̀díẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Mo ní kí wọ́n bá mi pò ó níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní àwọn náà ò rí omi fọwọ́, pé kí kálukú lọ pò ó nílé.”

“Bí kò bá wá rí omi nílé ńkọ́?” Aránṣọ béèrè.

“Wọn ò sọ ìyẹn.”

Bíríkìlà gbé korobá méjì, ó sáré jáde lọ wá omi ní àwọn àdúgbò yòókù. Ìyàwó rẹ̀ gbé ìkòkò, ó ń ti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn. Aránṣọ yí ìsàlẹ̀ korobá tirẹ̀ dà fún un, iyanrìn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìyá Àgbà bu ààbọ̀ ife tó fẹ́ fi lo oògùn rẹ̀. Àwọn tó kù ò ní nǹkan kan. Omi inú ìkòkò kò tó ìdá mẹ́rin ohun tí wọ́n kọ sára àpò ìyẹ̀fun náà.

Mósè gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá ọmọ náà bó ṣe ń bọ̀. Ó ka ilẹ̀kùn tó kàn. Méjì ló kù. Ọ̀kan ló kù.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìsàlẹ̀ korobá yín.”

“Ọlọ́run á pèsè, ìyàwó wa,” Mósè ní. Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́ kó tó mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ ọn lára, ó máa ń jáde fúnra rẹ̀.

Obìnrin náà ò lọ. Oníkọ́ọ̀bù wà léjìká rẹ̀, ojú ọmọ ti wọnú, ètè rẹ̀ ti sán. Ó ń sunkún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ gbẹ. Ẹkún náà kò ní omi nínú. Kọ́ọ̀bù pupa ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí Mósè, ó na kọ́ọ̀bù náà sí i.

“Ìpín kan,” ó ní.

Mósè wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ. Ó ká aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbójú sókè. Bó bá tilẹ̀ bú u ni, ì bá sàn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mósè ti fi ọ̀rọ̀ yẹn bá ọ̀pọ̀ ènìyàn wí rí, kò mọ̀ pé òun ni àgbà náà, pé inú yàrá yìí gan-an ni ọjà ọ̀hún. Ẹ̀rù ọmọ náà bà á. Ojú tì í dé ìka ẹsẹ̀. Ó dìde, ó ti àwọn ṣẹ́ẹ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó ṣí ìdérí àgbá.

Tanwíjí ló kún inú rẹ̀.

Wọn ò níye. Wọ́n ń lọ sókè, wọ́n ń bọ̀ nísàlẹ̀, wọ́n ń jó. Ìdérí náà ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀fọn sì ti rí ilé kọ́ sínú omi tí Mósè ò jẹ́ kí ọmọ aráyé rí mu. Ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá padà wá bá a: àwọn kan fi mánà pamọ́ di ọjọ́ kejì, ó yọ ìdin, ó ń rùn, Mósè sì bínú sí wọn gidigidi. Mósè ti ìgbà yẹn rí ẹni tí yóò bínú sí. Mósè tiwa yìí wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, kò rí ẹlòmíràn. Ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Òun nìkan ló rí omi jáde lójú ní gbogbo ilé náà láti àárọ̀ títí di ìgbà yẹn.

“Baálé mi, ẹ̀rín kọ́ nìyí,” ìyàwó rẹ̀ ní. “Ẹ dìde. A ó sẹ́ ẹ, a ó sè é dáadáa. Ẹ fún mi ní aṣọ tó mọ́.”

Aṣọ tó mọ́ jù nínú ilé ni ṣẹ́ẹ̀tì kẹfà ọ̀gá iléeṣẹ́ omi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ọ́ tán ni, kọ́là rẹ̀ le bíi páálí. Mósè já a lórí okùn, ó tẹ́ ẹ lé ẹnu ìkòkò.

“Ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀gá?” ìyàwó rẹ̀ ní.

“Òun náà jẹ wá ní gbèsè omi. Dà á.”

Obìnrin náà dà á. Omi sẹ́ sínú ìkòkò, tanwíjí kù sórí àyà ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń ta pútúpútú lẹ́bàá àpò ibi tí ọ̀gá máa ń fi bírò sí. Wọ́n da èédú tó ń jó nínú áyọ́ọ̀nù sínú àdògán, wọ́n gbé ìkòkò kà á. Omi hó, wọ́n jẹ́ kó hó pẹ́. Wọ́n ń fi abọ́ méjì dà á síra títí ó fi tutù, wọ́n pò ó mọ́ ìyẹ̀fun, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí fún ọmọ náà. Ó bì í. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n tún fún un. Ó gbé e mì.

Kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣe gbogbo èyí kí ilé má mọ̀. Mósè kò sì gbìyànjú rẹ̀ mọ́. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa àgbá náà, ó ń fà á, ó ń sinmi, títí ó fi gbé e dé àárín àgbàlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, lábẹ́ páálí òfin. Àwọn ará ilé jáde. Wọ́n wo àgbá. Wọ́n wo páálí. Wọ́n wo Mósè. Ó ti múra ìbẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ de èébú.

Kí ẹnikẹ́ni tó bú u ni awakọ̀ ọ̀gá iléeṣẹ́ omi wọlé, pé òun wá kó ṣẹ́ẹ̀tì, ọ̀gá ní ìpàdé lọ́la lórí ọ̀rọ̀ omi. Mósè kó márùn-ún fún un ní kíká. Ẹ̀kẹfà, ó rún un pọ̀ bó ṣe wà, tútù, tòun ti tanwíjí, ó fi ọ̀rá wé e.

“Kí ni kí n sọ pé ó ṣe èyí?” awakọ̀ béèrè.

“Sọ pé omi àdúgbò wa ni. Kí ó gbé e lọ sí ìpàdé.”

Oníbàárà tó lówó jù lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń lọ yẹn.

Bíríkìlà dé ní ìrọ̀lẹ́. Korobá méjèèjì gbẹ, bàtà rẹ̀ kún fún eruku. Wọ́n sọ fún un. Ó lọ wo ọmọ rẹ̀ ná, ó pẹ́ níbẹ̀, kó tó padà wá dúró ti àgbá náà.

“Omi tuntun ti rú,” ó ní, “ẹja tuntun ti wọ inú rẹ̀.” Òun fúnra rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. “Láti ìgbà wo, ẹ̀gbọ́n?”

“Láti ọjọ́ kìíní.”

“Nígbà tí mò ń béèrè lọ́wọ́ yín láàárọ̀, ó wà níbẹ̀?”

“Ó wà níbẹ̀.”

Bíríkìlà yí padà, ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Kò gbá a. Mósè ì bá fẹ́ kó gbá a.

Láti inú yàrá yẹn ni wọ́n ti gbọ́ ẹkún Oníkọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ̀ sì pariwo pé, “Ẹ wá wò ó! Omi jáde lójú rẹ̀!” Wọn ò tíì rí ilé tí inú wọn dùn sí ẹkún ọmọ tó bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin láti fi dúpẹ́, ó sì di dandan kí ènìyàn méjì gbé e dìde.

Àsìkò àtipín omi tó. Mósè na abọ́ sí Ìyá Àgbà. “Ẹ bá wa pín in, Ìyá Àgbà. Ọwọ́ tèmi ò mọ́.” Ó wá bọ́ sẹ́yìn, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó gbé korobá òfìfo sẹ́yìn ẹsẹ̀ bí ọmọ tó fọ́ àwo.

Wọ́n sẹ́ omi náà, Ìyá Àgbà pín in ní abọ́ méjì méjì. Ó ń kìlọ̀ fún oníkálukú pé kí wọ́n sè é kí wọ́n tó mu ún. Nígbà tó kan yàrá Alágbàfọ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Aránṣọ tọ́ka sí páálí.

“Ó wà níbẹ̀ o,” ó ní. “Ẹni tó bá fi omi pamọ́, kò ní ìpín. Àwa kọ́ la kọ ọ́.”

“Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé,” ẹlòmíràn ní.

“Òótọ́ ni,” Mósè ní. “Ẹ fi mí sílẹ̀.” Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òùngbẹ ń gbẹ òun náà, kò sì ṣẹ̀ ju ikọ́ tó wú lọ.

Ìyá Àgbà ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́. “Mósè, lọ gbé ìwé rẹ wá,” ó ní. “Ka ti àwọn tí mánà wọn bàjẹ́.”

Mósè gbé e wá, ó kà á. Ohùn ìwàásù ti tán lọ́fun rẹ̀, bí ẹni ń ka ìwé ìpẹ̀jọ́ ló ṣe ń kà á. Ó ka ìdin, ó ka òórùn, ó ka ìbínú Mósè, ó dúró.

“Máa kà á lọ. Ìgbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ ńkọ́?”

“Wọ́n tún jáde lọ ṣà á láràárọ̀.”

“Àwọn wo?”

“Gbogbo wọn.”

“Àwọn tí tiwọn yọ ìdin ńkọ́?”

Mósè fi ìka wá a lókè, ó fi wá a nísàlẹ̀. Ó ti fi ibẹ̀ kọ́ ènìyàn lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì wá ibẹ̀ yẹn rí. “Kò yọ wọ́n sílẹ̀, Ìyá Àgbà.”

“Ó dáa. Gbé korobá rẹ wá.”

Ó dà á, abọ́ kan, abọ́ méjì. Tanwíjí kan tó já bọ́ lára aṣọ tí wọ́n fi sẹ́ omi yọ jáde lójú omi, ó ń jó. Ìyá Àgbà tẹjú mọ́ ọn.

“Ìyẹn,” ó ní, “tìrẹ ni.”

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Mósè náà rẹ́rìn-ín, ó fi ìka yọ tanwíjí náà dànù. Ẹ̀rín ò tíì tán nígbà tí ilẹ̀kùn Bíríkìlà ṣí. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó na kọ́ọ̀bù pupa síwájú.

“Ó ku kọ́ọ̀bù kan kí ìkòkò tó wà lórí iná kún,” ó ní.

Ìyá Àgbà na ọwọ́ sí àgbá, ṣùgbọ́n Mósè ti gba kọ́ọ̀bù náà. Ó bù ú kún láti inú korobá tirẹ̀. Kó tó gbé e fún Bíríkìlà, ó gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó sì tẹjú mọ́ ọn dáadáa bóyá nǹkan kan ṣì ń jó nínú rẹ̀.